Níbo Ló Ti Máa Já? Ìtàn Wíwọn Agbára Irin àti Kábọ́ọ̀nù

Ní ọdún 1904, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn wọn nípa ilé ìyọ́rin kan ní ilẹ̀ Yorùbá. C. V. Bellamy, ẹnjiníà tó ń bá ìjọba Èkó ṣiṣẹ́, ló kọ ọ́. Ó ti dé Ola-Igbi, abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń wa òkúta irin, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń fi omi ṣàn án kí wọ́n tó kó o sínú ìléru alámọ̀ pẹ̀lú èédú. Kò sí ẹwìrì nídìí ìléru náà. Atẹ́gùn tó ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ iná. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 36, wọ́n á fa ìṣù irin jáde. Onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, wá tú àwọn ohun tí wọ́n kó ti ibẹ̀ wá palẹ̀ nínú ilé àyẹ̀wò, láti mọ ohun tó wà nínú òkúta, nínú ìdàrọ́ àti nínú irin fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì ni, a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ìléru wọ̀nyẹn tó kú. Ṣùgbọ́n mímọ ohun tó wà nínú irin kò sọ bí àdá tí wọ́n fi irin náà rọ yóò ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó tó kán. Ìbéèrè míì nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí ìtàn náà fi hàn, lójú tèmi, ni pé agbára ohun kan kò sí nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan. Àbùkù tó burú jù lára rẹ̀, gígùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í mú àti bí wọ́n ṣe ka ojú gígé rẹ̀, àwọn ló ń pinnu iye tí a ó kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, yálà irin ló ń wọ̀n tàbí túùbù kábọ́ọ̀nù tí ojú kò lè rí, nọ́ńbà tó dùn létí ni yóò máa gbé kiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo agbègbè Àkúrẹ́, Ìjù àti Oǹdó. Ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ tí àdá àti ọkọ́ kì í sinmi. Kí kòkó tó dé ni wọ́n ti ń kọ ebè iṣu. Nígbà tí kòkó dé, ṣíṣán oko àti fífọ́ kòkó tún kún iṣẹ́ àdá. Alágbẹ̀dẹ tó ń gbé láàárín irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà, àmọ́ ó mọ ohun tó ń ṣe. Ojú ló fi ń mọ bí iná ṣe mú irin tó, láti ìgbà tó bá pọ́n títí dé ìgbà tó bá ń funfun. Etí ló fi ń gbọ́ ohùn irin nígbà tí ọmọ owú bá bà á, nítorí irin tó ti là nínú kì í dún bí èyí tó gún régé. Ó mọ̀ pé bí a bá ti inú iná ki irin kan bọ omi, ẹnu rẹ̀ á mú, ṣùgbọ́n ó tún lè kán bí àwo. Ohun tó ń fa èyí ni kábọ́ọ̀nù inú èédú tó wọ inú irin nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Bó bá wà níwọ̀nba, tí kò tó ìdá 2 nínú 100, irin á di irin líle tí ayé ń pè ní sítíìlì. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, á di irin tó ń fọ́ lójú òòlù. Oko ni àyẹ̀wò ìkẹyìn. Àdá tó bá kán á padà sọ́dọ̀ ẹni tó rọ ọ́, á sì wo ojú ibi tó ti kán. Ní ìlú Oǹdó, níbi tí Ọdún Ògún ti ń kó gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun jọ títí di òní, orúkọ ẹni tó rọ irin ni ẹ̀rí tó dúró lẹ́yìn irin náà.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán ni mo ń sọ yìí, pé a kò lè fi etí alágbẹ̀dẹ wé ilé àyẹ̀wò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìmọ̀ alágbẹ̀dẹ kò lè rìn jìnnà sí alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí irin dún kò lè jẹ́rìí sí ohùn rẹ̀. Ìdí tí nọ́ńbà fi di dandan nìyẹn: ìgbà tí ẹni tó ṣe irin àti ẹni tó ń lò ó kò bá mọ ara wọn mọ́. Àgbègbè wa rí ìyípadà yìí kedere. Ní nǹkan bíi 1872, Glover tó ń ṣàkóso Èkó ti ọ̀nà Oǹdó lẹ́yìn, ọ̀nà tó gba orí ọ̀sà wọ inú igbó dé Oǹdó, tó sì so mọ́ Àkúrẹ́ àti Èkìtì. Nígbà Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀. Jagunjagun tó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lé èjìká kò mọ ẹni tó ṣe é, kò sì lè dá a padà fún un bí ojú ìbọn bá bẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìbọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ewu yìí: láti 1813 ni ilé kan ti wà ní Birmingham tí òfin gbé kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yin ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n lọ nínú ìbọn, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sára èyí tí kò bẹ́. Ní 1866, David Kirkaldy, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó lè fa irin pẹ̀lú agbára tó ju 300 tọ́ọ̀nù lọ. Owó ni wọ́n ń san fún un kó lè bá wọn fa irin já. Nígbà tí afárá odò Tay wó ní 1879 pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó lára irin afárá náà lọ. Nọ́ńbà tí a ń pè ní agbára irin lónìí, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti di ohun tí oníṣòwò àti adájọ́ ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú Kirkaldy tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Leonardo da Vinci, tó kú ní 1519, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí a ṣe lè so agbọ̀n mọ́ okùn irin, kí a máa da iyanrìn sínú agbọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi já, kí a sì wọn iyanrìn náà. Ó ní kí a tún un ṣe pẹ̀lú okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì, kí a sì tún gé e kù sí i. Kí nìdí tí gígùn fi yẹ kó kan ọ̀rọ̀, nígbà tí ìnípọn okùn kò yàtọ̀? Ìdáhùn tó péye kò dé títí di ọdún 1920. A. A. Griffith, ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fa gíláàsì gùn títí ó fi tínrín, ó sì wọn agbára rẹ̀. Gíláàsì tó nípọn tó mílímítà kan já ní nǹkan bíi 0.17 GPa. Èyí tó tínrín jù, tí ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ, gba nǹkan bíi 3.4 GPa kó tó já. Gíláàsì kan náà ni, iná kan náà, ọwọ́ kan náà, agbára rẹ̀ sì fi ìlọ́po 20 yàtọ̀. (Ẹni tí GPa bá rú lójú, kó rò ó báyìí: 1 GPa ni kí a so àpò sìmẹ́ǹtì méjì tó wúwo ní 50 kílò kọ̀ọ̀kan mọ́ okùn tí ojú gígé rẹ̀ jẹ́ mílímítà kan níbùú àti lóròó. Irin ìkọ́lé tó dára ń gbé tó àpò kan.) Griffith ṣàlàyé pé àwọn ojú sísán kéékèèké wà lára gíláàsì, níbẹ̀ ni agbára ń pé jọ sí, láti ibẹ̀ ló sì ti ń ya. Bí ohun bá ṣe kéré tó ni àyè fún irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣe ń dín kù. Láti ọjọ́ náà, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà agbára kan máa béèrè pé: báwo ni ohun tí ẹ fà ṣe tóbi tó?

Inú ìbéèrè yìí ni kábọ́ọ̀nù ti tún wọlé. Kì í ṣe àlejò ní agbègbè Àkúrẹ́. Kábọ́ọ̀nù inú èédú tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú jáde ní 1965 ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsárun, ni wọ́n fi mọ̀ pé egungun ènìyàn tó wà níbẹ̀ ti pé nǹkan bíi 11,000 ọdún. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù tó ń fi ọjọ́ orí hàn yàtọ̀ sí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n tò lọ́nà tí kò fi sí àbùkù lára rẹ̀. Ní 1960, Roger Bacon ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun rí okùn kábọ́ọ̀nù tín-ín-rín tó gba nǹkan bíi 20 GPa. Ní 1991, Sumio Iijima ti ilé iṣẹ́ NEC ní Japan fi maikirosíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rí àwọn túùbù kábọ́ọ̀nù tí awọ wọn wọ inú ara wọn, tí ìbú wọn jẹ́ nanomítà díẹ̀, ìyẹn ìdá mílíọ̀nù kan mílímítà. Àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Radushkevich àti Lukyanovich, ti tẹ àwòrán irú wọn jáde láti 1952, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Iijima ló jí gbogbo ayé. Wọ́n ní kò tíì sí ohun tó lágbára tó o. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Kò sí ẹni tó lè dì í mú. Ní 1996, Treacy, Ebbesen àti Gibson dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ń wo bí orí túùbù tó dúró gbọnrangandan ṣe ń gbọ̀n nínú ooru, wọ́n sì fi ìyẹn ṣírò bó ṣe le tó. Túùbù 11 ni wọ́n wò. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí jẹ́ 1,800 GPa, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà láàárín 400 sí 4,150. Ìyàtọ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn láàárín túùbù tí wọ́n pè ní ohun kan náà. Síbẹ̀, bí ohun ṣe le ni èyí, ìyẹn bí kò ṣe ń tètè nà. Iye tó máa gbà kó tó já kò sí nínú rẹ̀.

Jíjá gan-an dúró de ọdún 2000, iṣẹ́ náà sì yẹ ní wíwò fínnífínní. Min-Feng Yu, Rodney Ruoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ kékeré kan sínú maikirosíkópù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ náà ní abẹ́rẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ kan kan orí túùbù, wọ́n wá yí ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù síbẹ̀ títí ìdọ̀tí kábọ́ọ̀nù inú àyè òfìfo maikirosíkópù náà fi dì, tó sì lẹ̀ mọ́ túùbù àti abẹ́rẹ́ bí àtè. Wọ́n ṣe orí kejì bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo bí apá tó di abẹ́rẹ́ mú ṣe ń tẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló sọ iye agbára tó wà lórí túùbù. Túùbù 19 ni wọ́n fà já. Èyí tó kéré jù já ní 11 GPa, èyí tó ga jù já ní 63. Ohun ìyanu kan sì ṣẹlẹ̀: nígbà tí wọ́n wọn ègé méjèèjì tó kù lẹ́yìn tí túùbù já, àpapọ̀ gígùn wọn ju ti túùbù tí wọ́n fà lọ. Awọ òde nìkan ló já. Àwọn awọ inú yọ jáde bí idà ṣe ń yọ nínú àkọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé awọ òde nìkan ló gbé ẹrù, ojú gígé awọ òde nìkan ni wọ́n fi pín agbára náà, wọ́n sì gbà pé ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.34 nanomítà. Ìṣirò tó tọ́ ni fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n ká ní túùbù kan ní ìbú 20 nanomítà, ojú gígé awọ òde yẹn kò ju nǹkan bíi ìdá 7 nínú 100 gbogbo ojú gígé túùbù lọ. Bí a bá fi gbogbo ojú gígé pín in, 63 á di nǹkan bíi 4. Túùbù kan náà, ọjọ́ kan náà, jíjá kan náà. Irú àríyànjiyàn yìí ti wà nílẹ̀ láti 1996, nígbà tí Yakobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò sọ pé awọ kábọ́ọ̀nù kan le tó 5,500 GPa, nítorí wọ́n gbà pé ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.066 nanomítà péré. Àwọn tó lo 0.34 ń rí nǹkan bíi 1,000. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù sọ ohun tó fi pín in, àwọn tó wá gbé nọ́ńbà náà lọ sójú ọjà ni kò sọ ọ́ mọ́.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ wá láti inú iṣẹ́ àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 2008, Espinosa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern rí túùbù tó gba nǹkan bíi 100 GPa, tó sì sún mọ́ ohun tí ìṣirò sọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà kéde ìdì túùbù tó gùn dé sẹ̀ǹtímítà, tó sì gbà ju 80 GPa lọ. Ẹnì kan lè sọ pé gígùn kò wá ní nǹkan ṣe mọ́ nìyẹn. Mo rí i lọ́nà mìíràn. Ohun tí àwọn ará Tsinghua ṣe gan-an ni pé wọ́n hu túùbù tí àbùkù rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì tú fífà inú ìdì náà pín kí gbogbo túùbù lè jọ gbé ẹrù dọ́gba. Wọ́n mọ ibi tí ó ti máa já, wọ́n sì lọ tún ibẹ̀ ṣe. Túùbù inú ìdì wọn kò pọ̀. Níbi tí túùbù bá ti pọ̀, tí wọ́n ti di òwú, ìtàn náà yàtọ̀: ní Cambridge, ní 2007, Koziol, Windle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fa òwú túùbù kábọ́ọ̀nù já. Nígbà tí ègé tí wọ́n fà kò ju mílímítà kan lọ, àwọn kan dé nǹkan bíi 9 GPa. Nígbà tí ègé náà gùn tó 20 mílímítà, irú àwọn tó lágbára bẹ́ẹ̀ kò jáde mọ́. Òun náà ni Leonardo ń wá nínú agbọ̀n iyanrìn rẹ̀.

Àkúrẹ́ pẹ̀lú wà nínú ìtàn yìí, ó sì wà níbẹ̀ tọlátọlá. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa irin àti àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ní 2013, Kenneth Alaneme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti yọ́ alumíníọ̀mù, tí wọ́n sì po álúmínà àti eérú ìyàngbò ìrẹsì mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ yé ni: ìyàngbò ìrẹsì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, álúmínà sì wọ́n. Wọ́n fa ègé kọ̀ọ̀kan já. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi pamọ́ pé nígbà tí eérú náà di ìdá 3 nínú 100, agbára fífà dín ní ìdá 8 nínú 100 sí ti álúmínà nìkan. Nígbà tó di ìdá 4, ó dín ní ìdá 13. Ṣùgbọ́n èyí tí eérú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 ń nà dáadáa ju ti álúmínà nìkan lọ, kì í sì í tètè ya. Mo fẹ́ràn irú ìròyìn báyìí ju igbe pé ohun kan lágbára ju sítíìlì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ó sọ ibi tí ohun náà ti dín kù àti ibi tó ti dára, ẹni tó bá fẹ́ lò ó sì lè ṣírò.

Ẹnì kan ṣì lè béèrè pé kí ló kan ará Ìjù pẹ̀lú gbogbo èyí. Ilé ló kàn án. Látìgbà tí Ìjù àti Ìta-Ògbólú ti di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ ní 1996, ilé alámọ̀ ń lọ, ilé sìmẹ́ǹtì ń wọlé, ọ̀pá irin sì ni egungun wọn. Ìyà tí ìnípọn awọ túùbù fi jẹ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, òun náà ló ń jẹ ẹni tó ra ọ̀pá. Bí wọ́n bá ta ọ̀pá fún yín ní mílímítà 12, tó sì jẹ́ 11 ní tòótọ́, irin inú rẹ̀ kò pé nípa ìdá 16 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Àjọ SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, tí òfin 1971 gbé kalẹ̀, ní àṣẹ lórí èyí, àmọ́ kò sí àjọ tó lè dúró sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń já irin sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́lé ní Ìjù, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ẹ fi ìwọ̀n tó tọ́ wọn ìbú ọ̀pá kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń fa irin já wà, ẹ má sì gba ègé kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n fa mélòó kan. Èyí tó bá kéré jù nínú nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ fún yín ni kí ẹnjiníà yín fi ṣírò ilé.